Àwo Orin Tó Pè Mí Ní Olóògbé

Ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí tí mo ti ń ṣe ìgbéléwọ̀n àwo orin ráàpù lórí rédíò ní Ṣakí. Àwọn tó mọ̀ mí nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà kì í gbà á gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ti sọ fún èmi náà, lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, pé ariwo àwọn ọmọ wọ̀nyí ni n ó máa fi ọjọ́ ogbó mi gbọ́, n bá ní kí ó lọ bọ́jú.

Ẹjọ́ ni mo gbé lọ síbẹ̀. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, wọ́n ń lu orin kan tí ọmọkùnrin kan ti ń ka orúkọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì. Mo wọ bàtà, mo lọ bá wọn. Atọ́kùn ètò náà dìde nígbà tó rí mi. Mo kọ́ ọ ní ìwé kẹrin, mo sì nà án rí nítorí pé ó ń fi rúlà lu tábìlì bí ìlù.

"Ẹ jókòó, Màmá," ó ní. "Ohun tí ẹ fẹ́ sọ fún mi yìí, ẹ sọ ọ́ fún gbogbo Òkè-Ògùn." Ó fa gbohùngbohùn sí mi lẹ́nu.

Mo sọ ọ́. Mo rò pé wọn ò ní jẹ́ kí n wọ ọgbà wọn mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ wọ́n láago láti Ìgbòho, láti Ofiki, wọ́n ní ìgbà wo ni Màmá yẹn tún ń bọ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo máa ń gbọ́ àwo orin kan. Nígbà àkọ́kọ́, n ó jókòó lásán. Nígbà kejì, n ó mú pẹ́ńsùlù. Nígbà kẹta, n ó máa bó ẹ̀gúsí, nítorí orin tí kò bá lè bá ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ rìn, ó kù díẹ̀ káàtó fún un. Lẹ́yìn náà ni n ó fún un ní máàkì nínú mẹ́wàá, bí mo ti ń ṣe ní iléèwé.

Orin ọjà ló pọ̀ jù nínú wọn, èyí tí wọ́n ṣe kí wọ́n lè máa lù ú níbi ayẹyẹ àti nínú mọ́tò. Olórin kan wà tó pe ara rẹ̀ ní ọba ní ìgbà mọ́kànlélógún nínú àwo orin kan ṣoṣo, kò sì sọ ìlú tó jẹ ọba lé lórí. Mo ka iye rẹ̀, mo sì sọ ọ́ lórí rédíò. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ dá mi lóhùn lórí fóònù, wọ́n ní kí màmá àgbà lọ kírun. Mo ní mo ti kírun, mo sì ti gbàdúrà fún wọn pàápàá, àmọ́ méjì nínú mẹ́wàá náà ni ọ̀gá wọn gbà.

Àwọn kan sì wà tó ń dán nǹkan wò. Ọmọ Ìbàdàn kan fi ìró ẹ̀rọ ìlọta ṣe odidi orin kan. Mo kọ́kọ́ rò pé fóònù mi ló bàjẹ́. Ìgbà tí mo ń bó ẹ̀gúsí ni mo tó gbọ́ pé ó ń fi ọ̀rọ̀ sí ibi tí ẹ̀rọ náà ti ń mí. Mo fún un ní méje. Gbogbo ìlú ní orí mi ti dà rú. Ọ̀gá iléèwé kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí èmi fúnra mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò ẹ̀kọ́, tí wọ́n wá fi jẹ ọ̀gá lé mi lórí nítorí pé ọkùnrin ni, ó ní mo ń fi ọjọ́ alẹ́ mi jó ijó ọmọdé. Mo gbọ́. Ẹni tí kò lè kọ lẹ́tà ojú ìwé kan láìjẹ́ pé mo tún un ṣe.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, atọ́kùn fi àwo orin tuntun kan ránṣẹ́ sí fóònù mi. Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ọmọ Òkèhò ló ṣe é. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ìrun òwúrọ̀, mo ki okùn fóònù bọ etí. Orin àkọ́kọ́ dára, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lórí ìró ewé gbígbẹ bí ẹni ń fẹjọ́ sun ìyá rẹ̀. Èkejì gùn jù. Ẹ̀kẹta ò burú. Ẹ̀kẹrin jẹ́ orin ọjà pátápátá, bí ẹni pé ẹnìkan ní kí ó fi ọ̀kan sí i kí wọ́n lè rí nǹkan jó.

Ní ẹ̀karùn-ún, ìlù dákẹ́. Ariwo téèpù àtijọ́ ló ń hó wúyẹ́wúyẹ́. Àkùkọ kan kọ. Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí sun rárà ìyàwó, bí àwọn ìyàwó ṣe máa ń sun ún nílé bàbá wọn kí wọ́n tó sìn wọ́n lọ:

Bàbá mi, ẹ yà fún mi lọ́nà kí n kọjá.
Ẹ rán mi níléèwé, mo jẹ́, mo lọ;
Ẹ tún rán mi nílé ọkọ, mo jẹ́, mo ń lọ.
Ẹfun tí mo fi ń kọ̀wé ṣì wà ní ìka mi,
Ẹ má jẹ́ kí omi ìfọ̀wo ilé ọkọ fọ̀ ọ́ dànù.

Mo ní lọ́kàn mi pé ohùn yìí dára, ta ni eléyìí? Nígbà náà ni obìnrin mìíràn sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn pé, "Gbé ohùn sókè, ọmọ mi, wọn ò gbọ́ ọ lẹ́yìnkùlé."

Ìyá mi ni.

Mo fa okùn náà yọ létí bí ẹni tí àkéekèe ta. Mo wo ẹ̀yìn mi. Ìyá mi ti kú láti ohun tó lé ní ogójì ọdún, mi ò ní ju àwòrán rẹ̀ kan lọ, ìdajì ojú rẹ̀ ni oòrùn sì jẹ́ kí ó hàn níbẹ̀. Mo ti gbàgbé bí ohùn rẹ̀ ṣe rí. Mi ò mọ̀ pé mo ti gbàgbé àfi lákòókò tí mo gbọ́ ọ yẹn. Ìyàwó tó sì ń sun rárà, tí mo ti ń yìn lọ́kàn mi bí ẹni yin ọmọ ẹlòmíràn, èmi ni. Ọjọ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó mi nìyẹn, ní ilé bàbá mi ní Ìsẹ́yìn.

Mo wá ohun tí ọmọbìnrin náà kọ sábẹ́ orin yẹn. Ó kọ ọ́ pé: "Ohùn ìyàwó kan láti Ìsẹ́yìn, olóògbé. A kò mọ orúkọ rẹ̀."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo wà láàyè, mo jókòó sórí àga, ẹ̀kọ gbígbóná wà níwájú mi.

Mo mọ ibi tí téèpù yẹn ti wá. Ọkùnrin kan láti yunifásítì ló gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ wá sí ilé wa lọ́jọ́ náà. Ó ń gba rárà àwọn ìyàwó sílẹ̀ fún ìwé kan tó fẹ́ kọ. Ó béèrè orúkọ mi, mo pè é fún un lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Mo sọ fún un pé mo ti gba ìwé ẹ̀rí tíṣà, pé mo ti ń kọ́ni láti ọdún mẹ́ta. Ó ní òun yóò fi ẹ̀dà téèpù náà ránṣẹ́. Kò fi nǹkan kan ránṣẹ́. Nígbà tí ìwé rẹ̀ jáde, mo fi ẹsẹ̀ ara mi lọ rà á ní Ìbàdàn. Rárà mi wà nínú rẹ̀, ó gba ojú ewé méjì. Àkọlé tó fi sí i ni "Láti ẹnu obìnrin aláìmọ̀wé kan ní Ìsẹ́yìn." Ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ iléèwé àti ẹfun, ó gé gbogbo rẹ̀ kúrò. Kò fẹ́ kí ìyàwó tó kàwé ba rárà àtijọ́ rẹ̀ jẹ́. Mo kọ lẹ́tà mẹ́rin sí i, kò fèsì. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n. Nígbà tó kú, wọ́n ní kí àwọn tó mọ̀ ọ́n wá sọ̀rọ̀ rere nípa rẹ̀. Mo dúró sílé mi.

Ohun tó yẹ kí ó rọ̀ mí lọ́kàn ni pé ibi tí ọ̀jọ̀gbọ́n gé dànù gan-an ni ọmọbìnrin yìí mú. Kò rọ̀ mí. Ọ̀kan ní mi ò mọ̀wé, èkejì tún ní mo ti kú. Mo pe atọ́kùn.

"Mú ọmọ náà wá sí ètò wa ní Sátidé."

"Màmá, ṣé àwo orin náà dùn tó bẹ́ẹ̀?"

"Mú un wá."

Mo ti mọ ohun tí n ó ṣe. N ó gbé àwo orin rẹ̀ kalẹ̀, n ó tú u palẹ̀ bí ìyẹ́ adìyẹ lójú rẹ̀, n ó wá sọ orúkọ mi ní ìparí kí gbogbo ayé gbọ́.

Ọmọbìnrin náà dé pẹ̀lú irun gígé àti bùbá tó tóbi jù ú lọ. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. Ìyẹn náà bí mi nínú, nítorí mo fẹ́ kí ó jẹ́ aláìlẹ́kọ̀ọ́. Mi ò dúró de ìparí kankan.

"Èmi ni mo ni ohùn tó wà nínú orin rẹ karùn-ún," mo wí. "Mi ò sì tíì kú."

Mo rò pé yóò ké. Ó wolẹ̀, ó rọra ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ ṣìkẹrin."

"Ìkẹrin kí ni?"

"Obìnrin mẹ́ta ló ti wá bá mi láti ìgbà tí orin náà ti jáde, pé àwọn ni. Ọ̀kan nínú wọn, téèpù yẹn dàgbà jù ú lọ."

Atọ́kùn fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo wò ó bí mo ṣe máa ń wò ó ní ìwé kẹrin, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Ta ló sọ fún ọ pé ẹni náà ti kú?"

"Wọ́n sọ ọ́ fún mi ní ilé wọn ni, Màmá. Láàárín àwọn téèpù tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan fi sílẹ̀ ní yunifásítì ni mo ti rí i láìsí orúkọ lára rẹ̀, oríkì tó wà nínú rárà ni mo wá tẹ̀ lé. Mo ń bi àwọn àgbà ní Ìsẹ́yìn léèrè títí tí bàbá ahunṣọ kan fi mú mi dé agbo ilé náà. Ìyá kan ń ku èlùbọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ẹni tí mò ń wá ti kú láti ọdún mẹ́jọ, pé àwọn tilẹ̀ ti ṣe fídáù rẹ̀. Mo béèrè orúkọ, ó ní ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ilé lórúkọ."

Mo dá ìyá náà mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìyàwó àbúrò mi nìyẹn. Kò sí ẹlòmíràn tó ń ku èlùbọ́ lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Fídáù, àdúrà tí à ń ṣe fún òkú, wọ́n ṣe é fún mi?

Ọmọ náà kò mọ ohun tó ń lọ lọ́kàn mi. Ó ní, "Màmá, téèpù náà gùn ju ibi tí mo lò lọ. Apá tó kù wà lórí fóònù mi, mi ò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ. Bí ẹ bá lè sọ ohun tó tẹ̀ lé omi ìfọ̀wo, n ó mọ̀ pé ẹ̀yin ni. N ó kọ orúkọ yín síbẹ̀ lónìí."

Mo la ẹnu.

Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ti kọ́ ọmọ ní ewì fún ọdún márùndínlógójì, mo mọ ti gbogbo wọn lórí. Mo sọ ìlà kan, ọmọ náà mi orí. Mo sọ òmíràn nípa ìyá mi. "Ìyẹn kọ́, Màmá." Òógùn bò mí nínú ọyẹ́. Ó hàn sí mi pé gbogbo Òkè-Ògùn ń gbọ́ bí mo ṣe ń dákẹ́. Orúkọ tí mo ti fi gbogbo ayé mi bínú nítorí rẹ̀ wà níwájú mi, n kò sì lè na ọwọ́ mú un.

Atọ́kùn ṣí ìlà fóònù láti gbà mí sílẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ pè láti Tẹ̀dé. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sídìí ẹ̀gúsí yín!" Ó rẹ́rìn-ín, ó pa fóònù.

Obìnrin ló pè ṣìkejì. "Ọkọ mi, ẹ káàárọ̀ o."

Obìnrin ilé wa nìkan ló lè pè mí ní ọkọ rẹ̀. Ìyàwó àbúrò mi ni.

"Ìwọ lo sọ fún ọmọ yìí pé mo ti kú?"

"Èmi ni. Ṣé irọ́ ni mo pa? Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fúnra yín. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ṣí gèlè, ẹ ní láti òní lọ kí á ka ẹ̀yin mọ́ òkú. Àbúrò yín ní ẹ̀gbọ́n òun kì í sọ̀rọ̀ ṣeré. Ó pe àlùfáà. A dín wàìnà, a pa àgbò. Gbogbo àdúgbò jẹ ẹ́, kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan."

Atọ́kùn ti fi apá aṣọ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì.

Mo sọ ọ́ lóòótọ́. Àbúrò mi wó yàrá ìyá wa, ó fi ibẹ̀ ṣe ibi tí alùpùpù rẹ̀ ń sùn. Kò bi mí. Nígbà tí mo dé, àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi ilẹ̀kùn yàrá náà dáná. Ní ilé wa, ọ̀rọ̀ tí àgbà bá ṣí orí sọ lẹ́nu ọ̀nà, kì í padà wá ṣà á. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ń ṣí gèlè. Mo fẹ́ kí ó dùn ún. Mi ò rò pé yóò gbà á bí mo ṣe wí i, bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́, kí ó sì pa àgbò lé e.

"Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Kò sí Sátidé tí àbúrò yín kì í gbọ́ yín. Á ní, 'Ẹ yí i sókè, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí òkú ń wí.' Ó wà níbí. Ó ti ń na ọwọ́ sí fóònù láti ìgbà tí ẹ ti dákẹ́."

Nǹkan hó wúyẹ́wúyẹ́ létí mi. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn àbúrò mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́jọ. Kò kí mi. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí sun ún bí obìnrin, pẹ̀lú ohùn ọkùnrin tó ti gbó:

Àbúrò mi tó di aṣọ mi mú, fi í sílẹ̀ díẹ̀,
Ọ̀la ni n ó lọ, jẹun lọ́wọ́ mi lónìí.
Bí mo bá dé ọ̀hún, tí wọ́n bi mí pé ta ni mo fi sílẹ̀,
Ìwọ ni n ó kọ́kọ́ dárúkọ.

Ọmọbìnrin náà tẹ fóònù rẹ̀. Ohùn mi jáde, ohùn ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ó sọ ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà bí àbúrò mi ṣe sọ wọ́n, ọ̀rọ̀ kan kò yẹ̀.

Ọmọ ọdún méje ni lọ́jọ́ náà. Àbíkẹ́yìn ìyá wa ni, èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà. Mo rántí orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́ tí mo kọ́, mo rántí àwọ̀ tó wà lẹ́yìn ìwé ọ̀jọ̀gbọ́n, àmọ́ ohun tí mo fi ẹnu ara mi sọ nípa àbúrò mi, mo ti yọ ọ́ kúrò lórí mi pátápátá. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn ṣe gé ìwé tí mo kà, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe gé àbúrò mi kúrò. Mi ò fẹ́ràn kí n mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nípa ara mi, pàápàá lórí rédíò.

Ìlà náà ṣì ṣí. Atọ́kùn, tó jẹ́ pé ètò rẹ̀ ló ń rò ní gbogbo ìgbà, ní, "Màmá, ẹ kò tíì fún àwo orin náà ní máàkì o."

Inú mi dùn pé ó bi mí ní ohun tí mo mọ̀. Mo ní orin kejì gùn jù, kí ó gé e sí ìdajì. Mo ní ẹ̀kẹrin kò ní ìtìjú, pé ẹni tó ní kí ó fi í síbẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀. Mo ní tíṣà kì í máàkì ìwé ara rẹ̀, nítorí náà mo yọ ẹ̀karùn-ún kúrò. Èyí tó kù gba méje. Ọmọ náà ní òun gbà. Ó nu ojú, ó ṣí ibi tí òun ti ń kọ̀wé lórí fóònù.

"Màmá, orúkọ wo ni kí n kọ?"

Orúkọ ọkọ mi ni mo ti ń jẹ́ láti ọjọ́ kejì ọjọ́ tí wọ́n gba téèpù yẹn sílẹ̀. Òun ló wà lórí ìwé ẹ̀rí mi tó kù, òun ló wà lórí káàdì ìfẹ̀yìntì mi, òun ni atọ́kùn fi ń pè mí lórí rédíò. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó sun rárà náà kò tíì ní ọkọ. Orúkọ bàbá mi ló ń jẹ́, orúkọ tí àbúrò mi ń jẹ́ títí di òní.

Mo ṣì ń bínú sí i síbẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo sọ orúkọ náà, tèmi àti ti bàbá wa, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ọmọ náà ń tẹ̀ ẹ́. Àbúrò mi kò pa fóònù. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí.